ÀMÌ KỌ́ NI ÀRÙN

Bí àwọn onílù bá pé jọ, tí ìyáàlù ń sọ̀rọ̀, tí kẹríkẹrì, gángan àti gúdúgúdú sì ń gbè é lẹ́sẹ̀, ariwo dídùn lásán ni ẹni tí kò mọ ìlù yóò máa gbọ́. Ṣùgbọ́n bí gúdúgúdú bá dákẹ́ lójijì, ọmọ àyàn yóò gbójú sókè. Kò gbọ́ ohùn tuntun kankan. Àìsí ohùn kan ni ó gbọ́. Síbẹ̀, ọ̀tọ̀ ni kí a gbọ́ pé gúdúgúdú dákẹ́, ọ̀tọ̀ ni kí a mọ ohun tí ó pa á lẹ́nu mọ́. Ó lè jẹ́ pé awọ tí a fi ń lù ú ni ó já. Ó lè jẹ́ pé òjò ni ó rin ojú rẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé oorun ni ó gbé ẹni tí ó ń lù ú lọ. Ẹni tí ó bá sáré ra gúdúgúdú tuntun nígbà tí ó jẹ́ pé oorun ni ó ń kun onílù, owó rẹ̀ yóò lọ, ìlù kò sì ní í dún.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ nìyí, ṣùgbọ́n kì í ṣe agbo onílù ni mo ti kọ́ ọ. Nídìí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni, ní Ìsàlẹ̀ Èkó, lọ́dọ̀ bàbá kan tí ó ń tún ọkọ̀ ṣe. Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé olùkọ́ èdè Yorùbá ń sọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì nínú ìwé tí a ti sábà máa ń ka ọ̀rọ̀ nípa ewì, ìtàn àròsọ àti gírámà. Kí ó má yà yín lẹ́nu. Ọgbọ́n kì í gbé ilé ẹnìkan ṣoṣo. Iṣẹ́ tí àwọn ènìyàn ń fi èdè Yorùbá ronú lé lórí lójoojúmọ́, tí wọ́n fi ń jiyàn, tí wọ́n fi ń wá ìdí ọ̀ràn títí wọn yóò fi rí i, ó tó ohun tí akọ́mọlédè gbọ́dọ̀ dẹ etí sí.

Ẹni tí ó bá mọ Erékùṣù Èkó mọ̀ pé ibẹ̀ kì í fi ojú rere wo ẹ́ńjìnnì. Omi ni ó yí i ká. Àwọn afárá ni ọkọ̀ ń gbà dé ibẹ̀ láti Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta àti Yábàá: Afárá Carter, tí a kọ́kọ́ ṣe ní ọdún 1901 tí a sì tún kọ́ nígbà tí àwọn ọdún 1970 ń parí lọ; Afárá Èkó; àti Afárá Kẹta, tí a ṣí ní ọdún 1990, tí gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí i kìlómítà 11.8, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sì sọ̀ sí Adéníjì Adélé. Ọkọ̀ tí àwọn afárá wọ̀nyí ń tú sílẹ̀ ń wọ inú àwọn òpópónà tóóró tí a ti là kí ọkọ̀ tó pọ̀ tó báyìí. Ní Ìdúmọ̀tà, ní Òkè Àrìn, ní Èbúté Èrò, títí dé àdúgbò Ìga Ìdúngànrán, alábàárù, ọlọ́jà àti danfo ni wọ́n jọ ń du ọ̀nà kan náà. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ni. Ọkọ̀ lè wà lójú kan fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ máa ṣiṣẹ́ láìlọ síbì kan. Bí ẹ́ńjìnnì bá ní àìsàn kan tí ó ń fi pamọ́ nígbà tí ó bá ń sáré, Ìsàlẹ̀ Èkó ni yóò ti tú àṣírí rẹ̀.

Kí ọ̀rọ̀ mi lè yé ẹni tí kò yẹ inú ọkọ̀ wò rí, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ẹ́ńjìnnì tí ń mu bẹntiróòlù ṣe ń ṣiṣẹ́. Inú àwọn ihò tí à ń pè ní sílíńdà ni gbogbo iṣẹ́ ti ń ṣẹlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré ní mẹ́rin. Iṣẹ́ mẹ́rin ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ń ṣe ní àṣetúnṣe: yóò fa afẹ́fẹ́ àti epo sínú, yóò fún wọn pọ̀, iná yóò ṣẹ́ sí wọn kí wọ́n lè jó, kí agbára jíjó náà sì ti písítìnì sísàlẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò tú èéfín dànù. Nikolaus Otto, ará Jámánì, ni ó ṣe irú ẹ́ńjìnnì yìí ní àṣeyanjú ní ọdún 1876, àwọn tí à ń lò lónìí kò sì tí ì kúrò lójú ọ̀nà náà.

Àwọn sílíńdà kì í jó lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn bí àwọn onílù. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́rin tí a tò sórí ìlà kan, èkínní ni yóò kọ́kọ́ jó, ẹ̀kẹta yóò tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ẹ̀kẹrin, kí ó tó kan èkejì. Bí ọkọ̀ bá dúró tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì ń yí ní ìgbà 750 láàárín ìṣẹ́jú kan, sílíńdà kọ̀ọ̀kan yóò jó ní ìgbà 375. Bí a bá pa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, ó di 1,500 ní ìṣẹ́jú kan, èyí tí í ṣe 25 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo. Etí kò lè kà á, ṣùgbọ́n etí mọ̀ bí ó bá gún. Bí ọ̀kan nínú àwọn sílíńdà náà bá kọ̀ tí kò jó, àlàfo kan yóò wà nínú ohùn náà, ọkọ̀ yóò sì máa gbọ̀n. Èyí ni àwọn mẹkáníìkì ń pè ní míìsì. Wọn yóò ní, "Ọkọ̀ yìí ń míìsì."

Ohun mẹ́ta ni sílíńdà kan ń béèrè kí ó tó lè jó. Èkínní ni àdàpọ̀ epo àti afẹ́fẹ́ ní ìwọ̀n tí ó yẹ. Bí a bá wọn ìwúwo wọn, ìwọ̀n kan epo sí ìwọ̀n 14.7 afẹ́fẹ́ ni. Èkejì ni kí a fún àdàpọ̀ náà pọ̀ dáadáa láìjò. Ẹ̀kẹta ni iná tí ó ṣẹ́ ní àsìkò, èyí tí kọ́ìlì ń pèsè, tí púlọ́ọ̀gì sì ń tan sínú sílíńdà. Iná bátìrì kò ju fóòtì 12 lọ, ṣùgbọ́n kọ́ìlì ń sọ ọ́ di ohun tí ó ju fóòtì 10,000 lọ. Bí èyíkéyìí nínú mẹ́ta yìí bá yẹ̀, àmì kan náà ni a ó rí: ọkọ̀ yóò gbọ̀n. Ẹnu ọ̀nà kan ni ọ̀pọ̀ àrùn ń gbà jáde. Ibí yìí ni ọ̀ràn ti máa ń dojú rú.

Ọkọ̀ tòkunbọ̀ onísílíńdà mẹ́rin ni mo ń wà lọ síbi iṣẹ́. Ní àkókò òjò kan, ó bẹ̀rẹ̀ ìwà tí n kò mọ̀ mọ́ ọn. Bí mo bá wà lórí afárá, tí mo ń sáré níwọ̀nba, kò sí ohun tí ó ṣe é. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti sọ̀ sí Adéníjì Adélé, tí mo fi ẹsẹ̀ lé bíréèkì, tí ọkọ̀ dúró sójú kan, gbogbo ara rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Ohùn rẹ̀ tí ó ti ń lọ geere yóò di tẹni tí ń fi ẹsẹ̀ kan tiro. Nígbà mìíràn, yóò kú pátápátá ní àárín ọ̀nà, àwọn awakọ̀ danfo tí ó wà lẹ́yìn mi yóò sì máa fi fèrè ọkọ̀ gbà mí nímọ̀ràn. Iná pupa rúsúrúsú tí ó ní àwòrán ẹ́ńjìnnì tàn níwájú mi. Lọ́jọ́ mìíràn, ó tilẹ̀ ń ṣẹ́jú. Ìṣẹ́jú iná yẹn kì í ṣe eré, nítorí pé epo tí kò jó nínú sílíńdà yóò bá èéfín jáde, yóò lọ jó nínú agolo tí ń sọ èéfín di mímọ́ nídìí páìpù sàlẹ́ńsà, yóò sì bà á jẹ́. Owó agolo náà kò ṣeé fi ẹnu lásán sọ.

Mẹkáníìkì tí mo kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ lọ bá kò bi mí ní ìbéèrè kan. Ó ní epo burúkú ni. Ẹnu kò gba ìyẹn kọ̀, nítorí pé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, bẹntiróòlù tí methanol inú rẹ̀ ju ìwọ̀n tí Nàìjíríà fi ọwọ́ sí lọ wọ orílẹ̀-èdè yìí láti òkè òkun, ọkọ̀ àwọn ènìyàn bàjẹ́, a sì ní kí wọ́n kó o kúrò lọ́jà. Láti ìgbà náà, epo ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ ń dá lẹ́bi. A fa epo inú táńkì jáde, a rọ òmíràn sí i. Ọkọ̀ ṣì ń gbọ̀n. Ó pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọkọ̀ ṣì ń gbọ̀n. Ó ní kí n lọ bá ríwáyà. Ríwáyà so kọ̀ǹpútà mọ́ ọkọ̀, kọ̀ǹpútà kọ P0303 síta. Ó ní, "Sílíńdà kẹta ni. Kọ́ìlì rẹ̀ ti kú." Ó ta kọ́ìlì fún mi. Ọkọ̀ ṣì ń gbọ̀n. Ẹnìkẹta gbọ́ ọ, ó mi orí, ó ní ẹ́ńjìnnì ti darúgbó, àfi kí n ra òmíràn lọ́jà.

Owó ẹ́ńjìnnì tí ó dárúkọ tó owó ilé-ìwé àwọn ọmọ fún odidi ọdún kan. Ọkọ̀ tí ń míìsì a sì tún máa mu epo ju bí ó ti yẹ lọ. Ẹ sì rántí pé láti ọjọ́ 29 oṣù Ẹ̀bìbí ọdún 2023, tí a kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, lítà bẹntiróòlù kan fò láàárín ọjọ́ díẹ̀ ní Èkó láti nǹkan bí i náírà 190 sí ohun tí ó ju náírà 480 lọ. Mo ti ń ronú àti ta ọkọ̀ náà ní ọ̀pọ̀, kí n sì máa wọ danfo, nígbà tí olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan ní kí n gbé e dé ọ̀dọ̀ Àlàájì kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó kí n tó ṣe ohunkóhun.

Àgbàlagbà ni Àlàájì. Ara ọkọ̀ ìjàpá ni ó ti kọ́ṣẹ́, irú èyí tí ilé-iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Ọ̀jọ́ ní ọdún 1975. Mo rò pé yóò ṣí ọkọ̀ lójú ẹsẹ̀. Kò ṣí i. Ó fà mí ní àpótí, ó ní, "Tíṣà, ẹ jókòó ná. Ìgbà wo ni ó bẹ̀rẹ̀?" Mo dáhùn. Ó tún bi mí: "Ṣé bí ó bá tutù ni, àbí bí ó bá gbóná? Ṣé bí ẹ bá tẹ iná mọ́ ọn ni, àbí bí ẹ bá dúró? Ṣé òjò ń dá sí i?" Lẹ́yìn náà ni ó bi mí ní èyí tí ẹnikẹ́ni kò tí ì bi mí: "Kí ó tó bẹ̀rẹ̀, ta ni ó fọwọ́ kàn án kẹ́yìn, kí ni ó sì tú?"

Mo ronú. Mo rántí pé nǹkan bí i ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, kíìkì rẹ̀ kọṣẹ́, ẹni tí ó tún un ṣe sì ní láti tú ọ̀nà afẹ́fẹ́ tí ó wà lára ẹ́ńjìnnì kúrò kí ọwọ́ rẹ̀ tó lè tó o. Àlàájì kàn ní "Ẹn-ẹ́n," kò sì sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó fi í pamọ́ bí adájọ́ tí ó gbọ́ ẹ̀rí tí kò tí ì dá ẹjọ́.

Ó ní kí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ṣíná ọkọ̀. Bí ó ti ń gbọ̀n, ó ní kí ó máa yọ okùn iná orí kọ́ìlì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó sì máa dá a padà. Ó yọ tèkínní, ohùn ẹ́ńjìnnì rẹlẹ̀, ó fẹ́ kú. Ó yọ tèkejì, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ó yọ tẹ̀kẹta, kò sí ohun tí ó yí padà. Ó yọ tẹ̀kẹrin, ohùn tún rẹlẹ̀. Ọmọ náà ní, "Ọ̀gá, ẹ̀kẹta ni kò ṣiṣẹ́." Àlàájì ní, "O gbọ́ ẹni tí kò ṣiṣẹ́. Ṣé o ti gbọ́ ohun tí kò jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́?" Ọmọ náà ní kí wọ́n kúkú tún kọ́ìlì rẹ̀ pààrọ̀. Ọ̀gá rẹ̀ dá a lóhùn pé: "Bí o bá pààrọ̀ rẹ̀ tí kò bá dáa ńkọ́? O ti jẹ owó olówó nìyẹn."

Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n mú kọ́ìlì sílíńdà kẹta lọ sí orí èkínní, wọ́n sì mú tèkínní wá sí orí ẹ̀kẹta. Ẹ kíyè sí ọgbọ́n yìí, nítorí pé òun ni ẹ̀mí gbogbo ọ̀rọ̀ mi. Bí ó bá jẹ́ pé kọ́ìlì ni ó jẹ̀bi, ẹ̀bi yóò bá a lọ sí ilé rẹ̀ tuntun: sílíńdà kìíní ni yóò máa míìsì. Bí ẹ̀bi bá jókòó sí ẹ̀kẹta, kọ́ìlì bọ́ nínú ẹjọ́. Wọ́n ṣíná, ẹ̀kẹta ni ó ṣì dákẹ́. Wọ́n ṣe púlọ́ọ̀gì bákan náà, òun náà bọ́. Kò ná mi ní kọ́bọ̀. Yorùbá ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá ni àgbà òṣìkà. Àwọn tí ó ṣáájú ti dá kọ́ìlì lẹ́bi láìgbọ́ ẹnu rẹ̀. Àlàájì gbé e wá sí ilé ẹjọ́, ó sì dá a sílẹ̀.

Ó tú àwọn púlọ́ọ̀gì, ó fi agogo tí a fi ń wọn ìfúnpọ̀ wọ ojú ihò kọ̀ọ̀kan, ó ní kí a yí kíìkì. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ó ní, "Ẹ́ńjìnnì yín kò darúgbó, Tíṣà. Ẹni tí ó ní kí ẹ ra òmíràn kò wò ó." Mo mí kanlẹ̀. Ó dá àwọn púlọ́ọ̀gì padà, ó ní kí wọ́n ṣíná, ó fi orí irin tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn kan ti ẹnu nọ́sù tí ń tú epo sínú sílíńdà kẹta, ó fi etí ara rẹ̀ ti ìdí irin náà. Ó gbọ́ ọ tí ó ń ta kọ́-kọ́-kọ́ bí aago. Ó fi ti àwọn mẹ́ta yòókù wé e, ohùn wọn bá ara wọn mu. Iná wà, ìfúnpọ̀ wà, nọ́sù sì ń ṣiṣẹ́.

Nígbà náà ni ó ní kí ọmọ náà tẹ iná. Bí ẹ́ńjìnnì ti ròkè, gbígbọ̀n náà pòórá. Ó ní kí ó gbé ẹsẹ̀ kúrò. Gbígbọ̀n padà dé. Àlàájì rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó so kọ̀ǹpútà tirẹ̀ mọ́ ọn, ó sì fi ìkejì P0303 hàn mí: P0171. Àwọn ọkọ̀ tí a ṣe fún títà ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1996 ni òfin ibẹ̀ mú kí gbogbo wọn máa sọ àìsàn wọn ní irú ọ̀nà kan náà báyìí. P0303 ń sọ pé sílíńdà kẹta kò jó. P0171 ń sọ pé epo kéré sí afẹ́fẹ́. Èkínní ń sọ ibi tí ó ti ń dun aláìsàn. Èkejì ń júwe ọ̀nà tí àrùn gbà wọlé. Ẹni tí ó ka èkínní tí kò ka èkejì fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá.

Àlàájì bu omi díẹ̀ sínú ike kékeré. Bí ẹ́ńjìnnì ti ń ṣiṣẹ́, ó ń kán omi náà díẹ̀díẹ̀ sí ojú oríkèé tí ọ̀nà afẹ́fẹ́ ti pàdé ara ẹ́ńjìnnì. Ó kán an sí ti èkínní, kò sí ìyípadà. Ó kán an sí ti èkejì, kò sí ìyípadà. Bí omi ti kan ti ẹ̀kẹta, ẹ́ńjìnnì gbé omi náà mì, ohùn rẹ̀ sì gún fún ìṣẹ́jú-àáyá méjì tàbí mẹ́ta kí ó tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í tiro. Ó ní, "Ẹ wá wo olè o."

Gásíkẹ́ẹ̀tì tí ó yẹ kí ó dí ojú oríkèé náà ni ẹni tí ó tún kíìkì ṣe ti dá padà láìpààrọ̀ rẹ̀, ó sì ti ya ní ìdojúkọ sílíńdà kẹta. Afẹ́fẹ́ ń gba ibẹ̀ wọlé. Nínú ọkọ̀ irú tèmi, ẹ̀rọ kékeré kan wà lẹ́nu ọ̀nà tí ń wọn gbogbo afẹ́fẹ́ tí ó bá wọlé, kí ọkọ̀ lè mọ iye epo tí yóò fi pàdé rẹ̀. Àlejò tí ó gba ẹnu ọ̀nà wọlé ni a lè bu oúnjẹ fún. Èyí tí ó gba ojú fèrèsé wọlé, ta ni yóò mọ̀ pé ó wà nínú ilé? Àlàájì pè é ní afẹ́fẹ́ olè.

Ẹnìkan lè béèrè pé, kí ló dé tí ọkọ̀ kì í gbọ̀n lórí afárá? Bí ọkọ̀ bá dúró, ìlẹ̀kùn afẹ́fẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ tì pátápátá, ẹ́ńjìnnì sì ń fi agbára fa afẹ́fẹ́ mọ́ra láti ibikíbi tí ó bá ti rí àyè. Afẹ́fẹ́ tí ó tọ́ kéré nígbà náà, olè sì pọ̀. Bí a bá tẹ iná, ìlẹ̀kùn yóò ṣí gbayawu, afẹ́fẹ́ tí ó tọ́ yóò wọlé ní ọ̀pọ̀ yanturu, olè kò sì ní í tó nǹkan mọ́ láàárín wọn. Nítorí náà ni ó fi jẹ́ pé ìdúró ni ó ń tú àṣírí, tí ìsáré sì ń bo àṣírí mọ́lẹ̀. Wọ́n ra gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun, wọ́n nu ojú irin mọ́ tónítóní, wọ́n sì ń mú àwọn nọ́ọ̀tì le láti àárín lọ sí ẹ̀gbẹ́, díẹ̀díẹ̀, kí ó lè jókòó dọ́gba. Owó gásíkẹ́ẹ̀tì náà kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá owó tí mo ti ná sórí kọ́ìlì àti púlọ́ọ̀gì. Ọkọ̀ náà kò gbọ̀n mọ́.

Mo fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí èdè tí wọ́n fi ṣe iṣẹ́ yìí. Òótọ́ ni pé orúkọ ọ̀pọ̀ ohun èlò jẹ́ ọ̀rọ̀ àyálò: púlọ́ọ̀gì, kọ́ìlì, nọ́sù, gásíkẹ́ẹ̀tì. Kò sí ohun tí ó burú níbẹ̀. Bí ọjà bá ti òkè òkun dé, orúkọ rẹ̀ a máa tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n Yorùbá pọ́ńbélé ni wọ́n fi ro ìrònú náà. "Bí ó bá jẹ́ pé òun ni, yóò bá a lọ, kò bá a lọ, kì í ṣe òun." Ẹ tún gbólóhùn yẹn kà. Gbólóhùn oníbọ̀ ni. Ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fi ń wá òtítọ́ sì ni pẹ̀lú. Àwọn tí ń sọ fún àwọn ọmọ wa pé èdè Yorùbá kò lè gbé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, kí wọ́n lọ jókòó sórí àpótí Àlàájì fún wákàtí kan. Àwọn àgbà onímọ̀ wa ti ṣe iṣẹ́ ribiribi lórí èdè-ìperí: Ayọ̀ Bámgbóṣé ni olóòtú ìdìpọ̀ kìíní tí ó jáde ní ọdún 1984, Ọládélé Awóbùlúyì sì ni ti ìdìpọ̀ kejì ní ọdún 1990. Ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìkọ́ni ni wọ́n gbájú mọ́. Iṣẹ́ kù fún àwa tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn, kí a mú ìwé àti kálàmù lọ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, kí a sì kọ irú ọ̀rọ̀ bí afẹ́fẹ́ olè sílẹ̀ kí àwọn tí ó ni ín tó kọjá lọ.

Ẹ̀kọ́ náà kan iyàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ pẹ̀lú. Ọmọ kan wà ní kíláàsì kan tí mo kọ́, tí kì í fi àmì sábẹ́ ẹ, ọ àti ṣ. "Ọkọ́" a di "oko", "ẹṣin" a di "esin". Àwọn kan ti ń sọ pé kí a má jẹ́ kí ó fi orúkọ sílẹ̀ fún Yorùbá nínú ìdánwò àṣekágbá, pé ọ̀lẹ ni. Mo rántí kọ́ìlì tí a dá lẹ́bi. Mo ní kí ó ka ìwé sókè. Ó pe gbogbo ìró náà bí ó ti yẹ. Etí àti ẹnu bọ́ nínú ẹjọ́. Mo ní kí ó da ìpínrọ̀ kan kọ láti inú ìwé tí ó wà níwájú rẹ̀. Gbogbo àmì ni ó fi sí i. Ọ̀lẹ bọ́ nínú ẹjọ́. Mo ní kí ó da ohun tí mo kọ sójú pátákó kọ láti àyè rẹ̀ lẹ́yìn. Kò sí àmì kan ṣoṣo. Mo mú un wá sí iwájú. Àwọn àmì náà padà dé. Ojú rẹ̀ ni kò ríran jìnnà, àmì tí kò rí ni kò sì kọ́. Àwọn òbí rẹ̀ mú un lọ gba awò ojú, a sì fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. "Àkọtọ́ rẹ kò dára" ni a ti ń kọ sínú ìwé rẹ̀ láti ọdún méjì. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n P0303 lásán ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ń múra ìdánwò, bí wọ́n bá bi yín ní ìbéèrè lórí àròkọ ajẹmọ́-ìsípayá, ẹ rántí bí Àlàájì ṣe to iṣẹ́ rẹ̀. Ó kọ́kọ́ béèrè, ó dán an wò, ó yọ èyí tí kò jẹ̀bi kúrò, kí ó tó dárúkọ èyí tí ó jẹ̀bi, ó sì sọ ìdí rẹ̀. Àròkọ tí a bá tò báyìí kò ní í tiro. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà, ó ju èje lọ. Kí a tó kọ gbólóhùn pupa sí ẹ̀gbẹ́ ìwé ọmọ, kí a tó na ọmọ, kí a tó ní kí ọmọ lọ mú iṣẹ́ mìíràn, ẹ jẹ́ kí a bi í léèrè ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀, kí a sì wá ohun tí a lè gbé láti ibì kan sí ibòmíràn láti mọ̀ bóyá ẹ̀bi yóò bá a lọ. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.